Aago Màlúù Ni Kí Ẹ Tẹ̀lé: Bí Ìdílé Ṣe Lè Ṣe Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Nínú Oko Wàrà Wọn

Nígbà àkọ́kọ́ tí a gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lálejò nínú oko wa, ọ̀rọ̀ dùn débi pé a gbàgbé aago. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ń sọ ọ́ lọ, àwọn àlejò ń béèrè ìbéèrè, àsìkò tí a máa ń fún wàrà ìrọ̀lẹ́ sì ti kọjá ní wákàtí kan àtààbọ̀. Àbúrò mi ló fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní kí n wo ẹnu géètì. Àwọn màlúù ti tò síbẹ̀, wọ́n ń ké, ọmú wọn ti le koránkorán, wàrà sì ń kán tó, tó, tó láti ọmú èyí tó bímọ kẹ́yìn. Kò sí ìkankan nínú àwọn àlejò tó mọ̀ pé ìyà ni wọ́n ń wò yẹn. Ó dùn mí gan-an, nítorí orí bí a ṣe ń tọ́jú màlúù la wà tí a ti ń dá wọn lẹ́kọ̀ọ́.

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń fi aago màlúù ṣe gbogbo ètò. Bí a ṣe ń ṣe é ni mo fẹ́ kọ síbí, láti ìgbà tí èrò náà bá ti sọ síni lọ́kàn títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí àwọn àlejò ti lọ. Ìdílé tó ní màlúù márùn-ún lè lò ó, èyí tó ní ọgọ́rùn-ún náà lè lò ó.

1. Ẹ jókòó nínú ilé kí ẹ tó pe àlejò

Kí ẹ tó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, ẹ pe ara yín ná. Oko ìdílé kì í ṣe gbọ̀ngàn àpéjọ. Ibẹ̀ lẹ ń sùn, ibẹ̀ làwọn ọmọ yín ti ń sáré kiri. Ẹni tó máa ń fún wàrà lójoojúmọ́ ni kó kọ́kọ́ gbà, torí òun ni iṣẹ́ ọjọ́ náà máa wọ̀ lọ́rùn jù. Bí àgbàlagbà kan bá sì ní òun ò fara mọ́ ọn, ẹ má sáré bá a jiyàn; ẹ bi í pé kí ló ń kọ ọ́ lóminú. Bàbá wa ló kọ̀ jálẹ̀ pé èrò kankan ò gbọdọ̀ gba ẹ̀yìn ilé akọ màlúù kọjá. A rò pé wọ́n kàn ń dẹ́rù bà wá ni. Nígbà tí wọ́n mú wa débẹ̀, tí wọ́n fi igi ìdábùú kan hàn wá tí akọ náà ti ń fi orí tì díẹ̀díẹ̀ títí tó fi là lápá kan, gbogbo wa dákẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo. “Gbogbo ohun tó wà nínú iṣẹ́ màlúù” kì í ṣe ẹ̀kọ́, orúkọ iṣẹ́ ni. “Bí a ṣe ń mọ̀ pé ọmú màlúù fẹ́ ṣàìsàn kó tó wú”, ẹ̀kọ́ nìyẹn, àwọn tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sin màlúù ló sì wà fún. “Ọjọ́ àkọ́kọ́ ọmọ màlúù” dára fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. “Bí koríko ṣe ń di wàrà” ló máa ń dùn mọ́ àwọn ọmọ iléèwé. Ìbéèrè tí mo máa ń bi ara mi ni pé: kí ni ọwọ́ àwọn èèyàn yìí máa lè ṣe nírọ̀lẹ́ tí kò lè ṣe láàárọ̀? Bí mi ò bá rí ìdáhùn, ètò náà ò tíì pé.

2. Ẹ mú ọjọ́ àti wákàtí

Ọ̀pọ̀ oko ló ń fún wàrà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, pẹ̀lú àlàfo tó sún mọ́ wákàtí méjìlá. Ká ní aago márùn-ún àárọ̀ àti márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni tiyín, àyè tó wà fún àlejò kò ju aago mẹ́wàá sí aago kan àtààbọ̀ lọ. Àwọn màlúù ti jẹun tán nígbà yẹn, ẹni tó fún wàrà ti jẹun, ilé ìfúnwàrà ti di fífọ̀. Ẹ má sì gbàgbé pé màlúù tó ń fún wàrà máa ń fẹ́ dùbúlẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí méjìlá lójúmọ́. Ìgbà tó bá dùbúlẹ̀ ló máa ń jẹ àpọ̀jẹ jù. Wákàtí tí ẹ bá fi lé e dìde kí àlejò lè rí i, oúnjẹ àti ìsinmi rẹ̀ lẹ gbà.

Ẹ yẹra fún ọ̀sẹ̀ tí abo púpọ̀ máa bímọ, ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, ọjọ́ tí ẹ máa gé pátákò, àti ìgbà tí ẹ ń kó koríko sí ìpamọ́ tí katakata ń lọ tó ń bọ̀. Ẹ yẹra fún oòrùn gangan pẹ̀lú, torí ooru máa ń mú màlúù kó tó mú èèyàn. Bí ẹ bá ń wá ọjọ́ tí etí àwọn èèyàn ti ṣí sí ọ̀rọ̀ wàrà, àjọ FAO tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé ti ya 1 June sọ́tọ̀ fún Ọjọ́ Wàrà Àgbáyé láti ọdún 2001.

3. Ẹ fi ojú àlejò rin oko yín

Ẹni tó ti pẹ́ níbì kan kì í rí ihò tó wà níbẹ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ti mọ̀ ọ́n yẹ̀ sílẹ̀. Nítorí náà, ẹ mú ẹnì kan tí kò dé oko yín rí, ẹ fún un ní bírò àti ìwé, kó máa rìn níwájú, kí ẹ̀yin tẹ̀ lé e láìsọ̀rọ̀. Gbogbo ibi tó bá ti dúró, tó bá ti fẹsẹ̀ kọ, tó bá ti na ọwọ́ sí nǹkan, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Bí àwọn ọmọdé bá máa wá, ẹ tún un rìn, kí ẹ lóṣòó débi tí ojú ọmọ ọdún méje máa dé. Ẹ máa rí ìṣó, wáyà iná àti ike kẹ́míkà tí ẹ ò rí tẹ́lẹ̀.

Kòtò ìgbẹ́ màlúù ni mo fẹ́ dúró lé lórí. Ìgbẹ́ tó bá ti pẹ́ nínú kòtò máa ń ní gáàsì kan nínú tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Bí ó bá kéré, imú á gbọ́ ọ. Bí ó bá pọ̀, imú ò ní gbọ́ ọ mọ́ rárá, ìgbà yẹn gan-an ló sì ń pa èèyàn, ní ìwọ̀nba èémí díẹ̀. Ìgbà tí a bá ń ru kòtò náà ló máa ń tú jáde jù. Nítorí náà, ẹ ò gbọdọ̀ ru ú lọ́jọ́ àlejò. Ẹ tì í pa, ẹ ṣe ọgbà yí i ká, kí gbogbo ará ilé sì mọ̀ pé bí ẹnì kan bá ṣubú síbẹ̀, pípe àwọn panápaná ni, kì í ṣe kíkó wọlé tọ̀ ọ́. Nínú ọ̀pọ̀ jàǹbá irú èyí, ẹni tó fẹ́ gba ẹnì kejì là ló máa ń bá a kú síbẹ̀.

Akọ màlúù kò sí nínú ohun tí àlejò ń wò nítòsí, bó ti wù kó tutù tó. Èyí tí ẹ fi ọwọ́ bọ́ láti kékeré ló tiẹ̀ léwu jù, torí kò bẹ̀rù èèyàn mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni abo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ: ẹni tó ń fún yín ní wàrà wọ́ọ́rọ́wọ́ lánàá lè ya lu ẹni tó bá dúró sáàárín òun àti ọmọ rẹ̀ lónìí. Ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ katakata. Ẹ ti kẹ́míkà tí ẹ fi ń fọ ẹ̀rọ ìfúnwàrà mọ́ inú ilé. Ó ń jó ọ̀nà ọ̀fun, kò sì gbọdọ̀ wà nínú ike omi mímu láéláé.

4. Ìyọ̀ǹda

Ẹ bi ilé iṣẹ́ adójútòfò yín bóyá ìwé tí ẹ ní bo àlejò tó bá farapa, kí ẹ sì gba ìdáhùn náà ní kíkọ. Ẹ bi ìjọba ìbílẹ̀ ohun tí òfin wí. Ẹ sọ fún dókítà ẹran yín. Bí ó bá ní àrùn kan ń jà ládùúgbò, ẹ sún ọjọ́ síwájú.

5. Ọwọ́ àti bàtà

Ibí ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀. Àrùn ń gba ọ̀nà méjì rìn: ó lè tẹ̀ lé àlejò wọlé, ó sì lè tẹ̀ lé e jáde.

Èyí tó ń wọlé ná. Kòkòrò tó ń fa àrùn ẹsẹ̀ àti ẹnu màlúù lè wà lára bàtà àti aṣọ ẹni tó ti oko mìíràn bọ̀. Nígbà tí àwọn èèyàn bá ń forúkọ sílẹ̀ ni kí ẹ ti bi wọ́n bóyá wọ́n ti dé ibi tí màlúù, àgùntàn, ewúrẹ́ tàbí ẹlẹ́dẹ̀ wà láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Ẹni tó bá ti dé ibẹ̀, kó wọ aṣọ àti bàtà tó mọ́ wá, kí ẹ sì yá a ní bàtà rọ́bà tiyín. Ní ẹnu ọ̀nà, ẹ gbé búrọ́ọ̀ṣì, omi, àti abọ́ oògùn apakòkòrò kalẹ̀, lọ́nà tó tò yẹn. Oògùn náà kì í ṣiṣẹ́ lórí bàtà tí ìgbẹ́ tàbí ẹrẹ̀ ti bò. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ họ ọ́, kí ẹ fọ̀ ọ́, kó tó kan oògùn. Abọ́ tí ẹrẹ̀ ti kún inú rẹ̀ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, ẹ yí i.

Èyí tó ń jáde wá ńkọ́? Màlúù tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lè ní kòkòrò E. coli O157 nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ọmọ màlúù tó ń ṣu gbuuru sì lè kó Cryptosporidium, kòkòrò kékeré kan tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, ran ẹni tó bá fọwọ́ kàn án. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún àti àwọn arúgbó ni ó máa ń mú le jù. Sànítáísà tí a ń fi pa ọwọ́ kì í pa Cryptosporidium. Omi tó ń ṣàn, ọṣẹ, ìṣẹ́jú àáyá 20, àti bébà ìnuwọ́ tí a ń lò sọnù, òun ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ ṣírò rẹ̀: bí èèyàn 24 bá wà, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lo ìṣẹ́jú kan nídìí ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo, ìṣẹ́jú 24 ti lọ, àwọn tó wà lẹ́yìn á sì ti sá lọ jẹun láìfọwọ́. Ẹ̀rọ omi mẹ́rin la máa ń tò, garawa onírin tí a so ẹnu ẹ̀rọ mọ́ ni méjì nínú wọn. Kí ẹnikẹ́ni má jẹ, kó má mu, kó má fọwọ́ kan ẹnu níbi tí ẹran wà.

Ọ̀rọ̀ àwọn aboyún gbẹgẹ́. Wọn ò gbọdọ̀ sún mọ́ ibi tí màlúù ti ń bímọ, tàbí ọmọ tuntun, tàbí ibi ọmọ, torí àwọn àrùn kan wà níbẹ̀ tó lè ba oyún jẹ́, irú bíi Q fever àti brucellosis. Inú ìwé ìpè ni kí ẹ kọ ọ́ sí. Ẹ má dúró síwájú èrò kí ẹ wá máa béèrè pé ta ló lóyún. Obìnrin mìíràn wà níbẹ̀ tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ láìfi ara rẹ̀ wéwu.

6. Iye èèyàn

Èèyàn mẹ́jọ sí ẹni kan tó ń tọ́ wọn sọ́nà ló dára. Bí wọ́n bá ti ju mẹ́wàá lọ, àwọn tó wà lẹ́yìn ò ní gbọ́ nǹkan kan. Bí olùkọ́ mẹ́ta bá wà nínú ilé, ẹ lè gba 24, ẹ pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Yàtọ̀ sí àwọn olùkọ́, ẹ ní láti ní ẹnì kan tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kó máa wo màlúù àti géètì lọ. Òun ni kó láṣẹ láti dá ohunkóhun dúró, kódà bí bàbá ilé ló ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́.

7. Ẹ̀kọ́ gan-an

Ẹ fi bí màlúù ṣe ń ríran bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ń dáàbò bo gbogbo èèyàn fún ìyókù ọjọ́ náà. Ẹ̀gbẹ́ orí ni ojú rẹ̀ wà. Láìyí orí, ó ń rí ohun tó lé ní 300 nínú ìwọ̀n 360 tó yí i ká, àmọ́ kò rí ẹ̀yìn ara rẹ̀ gan-an. Ẹni tó bá gba ẹ̀yìn yọ sí i lójijì, ó lè tàpá fún un. Apá èjìká ni kí a gbà sún mọ́ ọn, kí a máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bọ̀. Etí rẹ̀ ń gbọ́ ohùn tó ga ju èyí tí etí tiwa ń gbọ́ lọ, nítorí náà irin tó ń dún àti igbe ọmọdé máa ń dùn ún létí.

Lẹ́yìn èyí ni mo máa ń mú wọn lọ bá abo kan tó ti pẹ́ lọ́wọ́ wa, tí kò ka èèyàn sí. Kòtò kékeré kan wà ní ìhà òsì rẹ̀, lẹ́yìn egungun ìhà tó gbẹ̀yìn. Mo máa ń ní kí ẹnì kan di ẹ̀ṣẹ́, kó fi tì í síbẹ̀ díẹ̀, kó sì dúró. Fún bí ìdajì ìṣẹ́jú, kò ní sí nǹkan kan. Gbogbo èèyàn á dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ohun kan á gbé ẹ̀ṣẹ́ náà sókè láti inú, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ìgbà tí ìgbì omi gbé ọkọ̀, á sì tún rọlẹ̀. Àpò àkọ́kọ́ nínú mẹ́rin tó wà nínú ikùn màlúù nìyẹn, èyí tó lè gba ju 100 lítà lọ, tó ń po koríko pọ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan sí ẹ̀ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tí ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ bá ti gbé sókè bẹ́ẹ̀ rí, ẹ ò ní láti ṣàlàyé fún un mọ́ pé ìgbà tó bá dáwọ́ dúró, màlúù ń ṣàìsàn. Tí àwọn ọmọdé bá wà níbẹ̀, ẹ tò garawa omi mẹ́wàá sílẹ̀, oní-lítà mẹ́wàá mẹ́wàá, kí ẹ sọ fún wọn pé màlúù tó ń fún wàrà dáadáa lè mu gbogbo rẹ̀ tán lójúmọ́ kan.

Fífi ọwọ́ fún wàrà ni gbogbo wọn máa ń retí. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀: ẹ bu omi sí i, ẹ fi abẹ́rẹ́ lu orí ìka rẹ̀, ẹ so ó kọ́ sórí igi. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá pa òkè ọmú dé, kí wàrà má lè padà sókè, kó wá máa pa ìka tó kù dé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wá sí ìsàlẹ̀. Fífún ni, kì í ṣe fífà. Ẹni tó bá ti ṣe èyí dáadáa ni kó lọ bá màlúù, kì í sì í ṣe gbogbo wọn lórí màlúù kan. Bí ara màlúù bá balẹ̀, tí a nu ọmú rẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú kan sí méjì ni wàrà á sọ̀ wá. Bí ẹ̀rù bá bà á, ara rẹ̀ á há wàrà náà mọ́, ọmú tí a kò fún gbẹ dáadáa sì ń ṣínà fún àìsàn. Abo méjì tó nífarabalẹ̀ la máa ń yà sọ́tọ̀, èèyàn mẹ́ta fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, wàrà náà kì í sì í wọ inú táńkì.

Kí wọ́n fún wàrà ẹ̀ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀mẹrin àkọ́kọ́ láti orí ọmú kọ̀ọ̀kan sínú ife tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ dúdú. Lórí dúdú yẹn, ẹyọ funfun kékeré tó dì bíi hóró gaàrí á hàn kedere, omi lásán á hàn, ẹ̀jẹ̀ á hàn. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn tẹjú mọ́ ọn. Bí ẹ bá ní màlúù kan tí dókítà ń tọ́jú ọmú rẹ̀ lọ́wọ́, ẹ fún wàrà tirẹ̀ sínú ife mìíràn tẹ́lẹ̀, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí. Ojú tó bá ti rí méjèèjì pọ̀ kò ní gbàgbé ìyàtọ̀ wọn.

8. Títọ́ wàrà wò

Kò sí wàrà tí a kò tíì gbé kaná fún àlejò, bó ti wù kí ẹ̀yin máa mu ún nínú ilé tó. Ikọ́ ẹ̀gbẹ, brucellosis àti E. coli ló lè wà nínú rẹ̀. Ẹ gbé e kaná dé 63°C kó sì wà níbẹ̀ fún 30 ìṣẹ́jú, tàbí 72°C fún ìṣẹ́jú àáyá 15, pẹ̀lú òṣùwọ̀n ìgbóná nínú rẹ̀, kì í ṣe ojú lásán. Ẹ mú un tutù dé 4°C kíá. Ibi tó jìnnà sí ẹran ni kí ẹ ti pín in, lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn bá ti fọwọ́, kí ẹ sì ti béèrè ẹni tí wàrà kì í bá lára mu. Bí ẹ bá ń ṣe wàràkàṣì, ẹ gbé kílò kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa wàrà tó jẹ́ lítà mẹ́wàá, torí nǹkan bíi lítà mẹ́wàá ló ń di kílò kan.

9. Ìbéèrè tó ta

Ẹnì kan á béèrè ìdí tí ẹ fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ẹlòmíràn á béèrè ibi tí àwọn ọmọ tó jẹ́ akọ ń lọ. Ẹ má yí ọ̀rọ̀ padà, ẹ má sì purọ́. Ẹ sọ ohun tí ẹ ń ṣe gan-an, ìdí tí ẹ fi ń ṣe é, àti ohun tó ṣì ń dùn yín nípa rẹ̀. Ẹ fi hàn wọ́n bí ẹ ṣe ń rí i dájú pé ọmọ náà mu wàrà àkọ́fún tó lítà mẹ́ta sí mẹ́rin láàárín wákàtí díẹ̀ tó bí, nítorí pé tí ọjọ́ kan bá fi kọjá, ìfun rẹ̀ ò ní gba ohun tó ń gbógun ti àrùn nínú wàrà náà sínú ẹ̀jẹ̀ mọ́. Ìyá mi ló máa ń dáhùn ìbéèrè yìí nínú oko wa. Mi ò tíì rí àlejò tó bínú lẹ́yìn tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ tán.

10. Lẹ́yìn tí wọ́n bá lọ

Ẹ ka iye èèyàn bí ẹ ṣe kà wọ́n wọlé. Ẹ lọ sí gbogbo géètì. Ẹ ṣa ọ̀rá àti ike nílẹ̀ pátápátá, torí màlúù ò mọ ọ̀rá yàtọ̀ sí koríko, ó sì lè dí i nínú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ fi ìpè tàbí àtẹ̀jíṣẹ́ béèrè àlàáfíà wọn, torí ọ̀pọ̀ àrùn inú yìí kì í yọjú lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tó bá ń ṣu gbuuru, kó sọ fún dókítà rẹ̀ pé òun dé oko màlúù.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ gbé ìwé tí ẹ fi ń kọ iye wàrà sílẹ̀, ẹ wo ti ìrọ̀lẹ́ àná àti ti àárọ̀ yẹn, kí ẹ fi wé ti ọjọ́ mẹ́ta tó ṣáájú. Bí wàrà bá dínkù, nǹkan kan dẹ́rù ba agbo yín. Ẹ jókòó, ẹ ro ọjọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ máa rí i. Tiwa wà lórí ògiri ilé ìfúnwàrà, a máa ń fi bírò pupa sàmì sí ọjọ́ àlejò kọ̀ọ̀kan, ohun tí a bá sì rí la máa ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.